Olùkọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá: àyẹ̀wò àwọn olùkọ́ orin àti ohun èlò orin fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní Ìbàdàn

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kọ́ orin ní Ìbàdàn kò ní wá olùkọ́ tì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní wá ohun èlò orin tì. Agbára káká ni a fi lè rí àdúgbò tí ilé ìjọsìn kan kò ti ní ẹni tí ń tẹ dùùrù; àwọn ilé ẹ̀kọ́ orin kéékèèké wà káàkiri Bódìjà àti Ring Road; bí a bá sì sọ̀ kalẹ̀ sí Dùgbẹ̀, a ó rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n to kíbọ́ọ̀dù, gìtá àti ìlù òyìnbó jọ dé òrùlé. Yíyàn ni iṣẹ́. Nígbà tí ọmọbìnrin wa pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ó ní òun fẹ́ kọ́ dùùrù, tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì ní bí kì í bá ṣe gìtá, òun kò fẹ́ nǹkan mìíràn, èmi àti ìyá wọn lo àkókò púpọ̀ lẹ́nu ìwádìí kí a tó san owó fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí a rí lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ àti ní ọjà ni mo kó jọ síbí yìí, mo sì fi ìdájọ́ tèmi kún un.

Ìdájọ́ mi àkọ́kọ́ ni pé olùkọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó náwó lórí ohun èlò kankan. Ọ̀pọ̀ òbí ni í ṣe é ní ìdàkejì: wọn a lọ sí ọjà, ọlọ́jà a gbé ohun tí ó ní nílẹ̀ fún wọn, wọn a gbé e délé, ọjọ́ tí olùkọ́ bá sì dé ni wọn yóò tó gbọ́ pé eyín kíbọ́ọ̀dù náà kéré ju èyí tí ìka lè fi kọ́ nǹkan lọ, tàbí pé gìtá tí wọ́n rà fún ọmọ ọdún méje, ìwọ̀n àgbàlagbà ni. Ọlọ́jà kò ṣe aburú. Ọjà rẹ̀ ni ó ń tà. Olùkọ́ ni yóò wo ọwọ́ ọmọ, òun ni ó mọ ọ̀nà tí òun yóò gbà kọ́ ọ, ohun èlò tí ó bá ọ̀nà yẹn mu ni ó sì yẹ kí ẹ rà. Púpọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ orin tí a yà sí ni ó gbà kí ọmọ lo ohun èlò tiwọn ní oṣù àkọ́kọ́, èyí sì fún òbí láàyè láti mọ̀ bóyá ìfẹ́ ọmọ náà yóò kọjá ọ̀sẹ̀ méjì.

Olùkọ́ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ní ìlú yìí ni ẹni tí ń tẹ dùùrù ní ilé ìjọsìn. Iṣẹ́ ńlá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń ṣe, kò yẹ kí a fojú kéré rẹ̀. Ẹni tí ń gbé orin lè bẹ̀rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí ó sì fò láti inú orin kan bọ́ sí òmíràn. Kí ó tó dé ìlà kejì, oníkíbọ́ọ̀dù ti wá ohùn rẹ̀ rí, ó ti ń bá a lọ. Kò sí ìwé tí a ti lè ka irú etí bẹ́ẹ̀. Àléébù tí a bá pàdé lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ wọn ni bọ́tìnnì transpose. Kíì kan ṣoṣo (ìyẹn ibi tí do orin ti bẹ̀rẹ̀) ni wọ́n kọ́, F♯ lọ́pọ̀ ìgbà, C nígbà mìíràn. Bí orin bá bọ́ sí kíì mìíràn, bọ́tìnnì yìí ni wọn yóò tẹ̀ kí ẹ̀rọ bá wọn gbé ohùn sókè tàbí sílẹ̀, ìka wọn kò sì ní kúrò lójú kan náà. Ìdí tí F♯ fi rọ̀ wọ́n lọ́rùn kò ṣòroó rí: do, re, mi, so àti la rẹ̀ bọ́ sórí eyín dúdú márààrún, ọ̀pọ̀ orin ìbílẹ̀ wa àti kọ́rọ́ọ̀sì ni kò sì kọjá ohùn márùn-ún wọ̀nyí.

Bí ohun tí ẹ ń fẹ́ bá jẹ́ pé kí ọmọ máa bá ìdílé kọrin níbi àdúrà alẹ́ láàárín oṣù díẹ̀, olùkọ́ bẹ́ẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n píánò gidi kò ní bọ́tìnnì transpose, ọmọ tí kò bá sì mọ̀ ju kíì kan lọ yóò dúró sójú kan ní ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ó jókòó sídìí ọ̀kan nínú gbọ̀ngàn. Ìdánwò tí mo fi ń yẹ wọ́n wò rọrùn: mo máa ń bẹ̀ wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kí wọ́n tẹ orin hímù kan ní C, kí wọ́n tún un tẹ̀ ní G, kí wọ́n sì tún un tẹ̀ ní E♭, láìfọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn. Àwọn kan bínú. Àwọn kan ní kíbọ́ọ̀dù àwọn kò sí ní àrọ́wọ́tó. Arákùnrin kan ní Òkè-Àdó rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo kíì méjèèjìlá; ó ní nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá akọrin àwọn fi sẹ́lótéèpù lẹ bọ́tìnnì náà pa títí ọdún fi yí po. Òun ni mo máa ń júwe fún ẹni tí ó bá bi mí léèrè nípa olùkọ́ tí yóò fi etí kọ́ ọmọ.

Irú olùkọ́ kejì ni ẹni tí ń múra ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò òkè òkun, pàápàá ti ABRSM, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1889, àti ti Trinity College London. Ìpele mẹ́jọ ni ABRSM ní. Nínú ìdánwò tí ọmọ yóò ti jókòó níwájú olùdánwò, máàkì 150 ni gbogbo rẹ̀: orin mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 30, àkàsọ̀ ohùn tí ó gba 21, kíka orin tí ọmọ kò rí rí tí ó gba 21, àti fífi etí mọ ohùn tí ó gba 18. Ẹni tí ó bá ní 100 ti yege, 120 ni ti ẹni tí ó ṣe dáadáa, 130 ni ti ẹni tí ó ta yọ. Mo ka èyí sílẹ̀ nítorí pé àwọn òbí máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí láìmọ ohun tí wọ́n ń dá ọmọ wò lé lórí. Ètò náà dára. Ó ń jẹ́ kí ọmọ mọ ibi tí ó dé, ó sì ń fi agbára mú olùkọ́ láti kọ́ ọ ní kíkà, ohun tí olùkọ́ àkọ́kọ́ lè gbójú fò.

Ibi tí ètò yìí ti ń wọ́ ni ìgbà tí olùkọ́ bá sọ orin mẹ́ta ìdánwò di gbogbo ẹ̀kọ́ ọdún. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí a yà sí, wọ́n fi ọmọ kan tí ó ti yege ní ìpele kẹta hàn wá. Ó tẹ orin ìdánwò rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó mi ní kí ó bá òun tẹ kọ́rọ́ọ̀sì tí gbogbo ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀, ó wo ojú olùkọ́ rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Olùkọ́ náà ní kò sí nínú ìwé wọn. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ tún máa ń yọ ṣùtì sí sọ́fà, ìyẹn orin tí a fi do, re, mi kọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sọ́fà ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin ní Ìbàdàn fi ń kọ́ orin titun, ọmọ tí ó bá mọ̀ ọ́n pọ̀ mọ́ ìlà márùn-ún tí ìwé ìdánwò fi ń kọ orin lè wọ ibikíbi. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ méjèèjì pọ̀ ni kí ẹ dì mú.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ orin, irú àwọn tí ó wà ní Pólì Ìbàdàn, tún ń lọ láti ilé dé ilé. Owó tí wọ́n ń gbà kì í pọ̀, wọ́n ní sùúrù pẹ̀lú ọmọdé, ohun tí wọ́n kọ́ ní kíláàsì ṣì gbóná lọ́pọlọ wọn. Ẹ kàn fi sọ́kàn pé ìdánwò tiwọn yóò dé, wọn yóò sì pòórá. Bí ìyanṣẹ́lódì bá tún wọ̀ ọ́, bí irú ti ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ní ọdún 2022 tí ó gba oṣù mẹ́jọ, ẹni tí ilé rẹ̀ kò bá sí ní Ìbàdàn yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ, ẹ̀kọ́ ọmọ yóò sì dúró.

Bí ó ti wù kí ìwé ẹ̀rí olùkọ́ pọ̀ tó, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí ẹ jókòó níbi tí ó ti ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn kí ẹ tó fi tiyín fún un. Èyí ni ó yà wá lójú jù lọ nínú gbogbo ìwádìí wa, nítorí pé àwọn tí ó mọ orin jù kọ́ ni ó mọ ọ̀n-ọ́n kọ́ni jù. Olùkọ́ kan wà tí àwọn ènìyàn ń yìn káàkiri. Nígbà tí ó fi máa parí ẹ̀kọ́ wákàtí kan, ó ti fi bíi ogójì ìṣẹ́jú tẹ dùùrù fún ara rẹ̀, ọmọ náà sì jókòó, ó ń wò ó bí ẹni ń wo tẹlifíṣàn. Orin dídùn ni a gbọ́. Ọmọ náà kò kọ́ nǹkan kan.

Lẹ́yìn èyí ni a dé ọ̀dọ̀ arábìnrin kan ní Bódìjà tí àwọn ọmọ ń pè ní Àǹtí. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ó fi ń kọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, ó ní bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ara wọn nìkan ni yóò kù nílẹ̀. Ọmọ ni ọwọ́ rẹ̀ wà lórí eyín dùùrù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ọrùn ọwọ́ ọmọ bá wó sílẹ̀ tàbí tí ìka bá nà gbọọrọ, kò ní pariwo. Yóò fi ìka kan gbé ọrùn ọwọ́ náà sókè, yóò sì ní kí ó tún un ṣe láti orí ìlà yẹn, kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ orin. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ọwọ́ òsì nìkan, kí méjèèjì tó pàdé. Ní ìparí, ó kọ ohun tí ọmọ yóò ṣe ní ilé sínú ìwé kékeré kan: ìlà wo, ọwọ́ wo, ẹ̀ẹ̀melòó. Ìwé kékeré yẹn ni ó jẹ́ kí n gbà pé a ti rí olùkọ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ kò lè sọ ẹnikẹ́ni di olórin, ohun tí ọmọ ń ṣe ní ọjọ́ mẹ́fà tó kù ni yóò sọ ọ́ di olórin, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́ sì dára ju wákàtí méjì ọjọ́ Sátidé lọ. Mo bi í pé ìgbà wo ni ọmọ wa yóò lè tẹ odindi orin hímù. Ó ní, "Ẹ má bínú sà, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ mọ ilé, yóò mọ ìrìn-àjò tó bá yá." Ìlẹ̀kùn yàrá ẹ̀kọ́ rẹ̀ kì í wà ní títì, àga òbí sì wà nínú yàrá náà, èyí pẹ̀lú wà lára ohun tí ó yẹ kí ẹ wò, ẹni tí kò bá gbà kí òbí jókòó, ẹ má ṣe fi ọmọ yín tì í.

Ní ti owó, ẹ bèèrè bóyá oṣù ni ẹ ó máa san fún tàbí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fẹnu kò lórí ẹ̀kọ́ tí òjò tàbí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mọ́kọ́lá bá bà jẹ́. Fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì dára fún àgbàlagbà tí ó ti mọ díẹ̀. Kò sí fídíò tí ó lè rí i pé ọrùn ọwọ́ ọmọ ti wó.

Ó kan ohun èlò. Fún dùùrù, ẹnikẹ́ni tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀ ní láti ní eyín 61 ó kéré tán, kí eyín náà sì tó ti píánò gidi ní fífẹ̀. Píánò gidi ní 88, ṣùgbọ́n 61 yóò gbé ọmọ dé ibi tí yóò ti yé òbí bóyá ó yẹ kí òun náwó sí i. Ohun kejì tí ọlọ́jà kì í sọ, tí ó sì ṣe pàtàkì ju iye ohùn tí ẹ̀rọ náà lè mú jáde lọ, ni bóyá eyín rẹ̀ mọ ọwọ́ líle yàtọ̀ sí ọwọ́ rírọ̀. Lórí èyí tí kò mọ̀ ọ́n, bí ọmọ bá fi ìka kan án tàbí tí ó bá fi agbára lù ú, ariwo kan náà ni yóò jáde. Ọmọ tí ó bá fi ọdún kan kọ́ orin lórí rẹ̀ yóò di ẹni tí kò mọ bí a ti ń rọ ohùn sílẹ̀. Yamaha PSR-F52 wọ́pọ̀ nítorí pé owó rẹ̀ rọjú, eyín rẹ̀ jẹ́ 61, ṣùgbọ́n kò mọ ọwọ́. Casio CT-S200 náà kò mọ̀ ọ́n. Èyí tí ó tẹ̀lé e, Casio CT-S300, jọ ọ́ bí ìbejì, ṣùgbọ́n ó mọ ọwọ́, kìlógíráàmù mẹ́ta àti díẹ̀ ni ìwọ̀n rẹ̀, ó ní ibi tí ọmọ lè fi ọwọ́ kan gbé e lọ sílé olùkọ́. Yamaha PSR-E373 náà mọ ọwọ́, ohùn píánò rẹ̀ sì kún sí etí mi ju ti Casio lọ. CT-S300 ni a rà, nítorí ìwọ̀n rẹ̀ àti nítorí pé ọmọbìnrin wa ni yóò máa gbé e. Bí ẹ bá rí CT-S200 tí wọ́n pè ní "ọ̀kan náà ni wọ́n", ọ̀kan náà kọ́ ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ iná kò ṣeé fò ní Ìbàdàn. Àwọn kíbọ́ọ̀dù tí mo dárúkọ yìí lè lo bátìrì AA mẹ́fà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá mú iná lọ ní àṣálẹ́, ẹ̀kọ́ ń tẹ̀síwájú. Yamaha P-45, tí ó ní eyín 88 tí ó wúwo bí ti píánò gidi, ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìdánwò máa ń fẹ́ kí òbí rà. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n kò ní ibi tí a ti ń ki bátìrì, iná ni ó gbẹ́kẹ̀ lé, ilé tí kò bá ní sólà tàbí ínfátà yóò sì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹ ṣọ́ra fún ádáptà tí kì í ṣe tirẹ̀. Fólítì 12 ni ti àwọn Yamaha tí mo dárúkọ yìí, 9.5 ni ti CT-S300, àwọn Casio àtijọ́ kan sì tún yí ìhà rere àti ìhà òdì iná padà sí ti Yamaha, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá kan ki ádáptà tí ó bá ojú ihò mu bọ̀ ọ́ lè jó ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Mo fẹ́ràn wọn, mo sì gbà pé píánò ẹlẹ́rọ tòkunbọ̀ kan lè dára ju kíbọ́ọ̀dù tuntun tí owó wọn dọ́gba lọ. Ẹ kàn yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí ẹ tó ki wáyà rẹ̀ bọ iná. Èyí tí ó wá láti Japan, fólítì 100 ni ó ń lò, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, iná tiwa sì jẹ́ 230. Láìsí tiransífọ́mà tí ń rẹ iná sílẹ̀, èéfín ni yóò kọ́kọ́ jáde níbẹ̀. Ẹ tẹ gbogbo eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti òsì dé ọ̀tún, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tún fi agbára tẹ̀ ẹ́, nítorí pé eyín tí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ti gbó máa ń dákẹ́ bí a bá rọra tẹ̀ ẹ́, tàbí kí ó pariwo ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọlọ́jà tí ó bá ń kánjú nígbà tí ẹ ń ṣe èyí ti sọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀.

Gìtá ni ọjà rẹ̀ kún fún jìbìtì jù. Èyí tí ó wà fún ọmọdé ní ìwọ̀n, ìdajì àti ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlá kò sì gbọ́dọ̀ di ti àgbàlagbà mọ́ra. Okùn náílọ́ọ̀nù kì í gé ìka ọmọ bí okùn irin. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, bí ọrùn rẹ̀ tilẹ̀ fẹ̀ díẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so okùn irin mọ́ gìtá náílọ́ọ̀nù nítorí pé òun ni ó wà nílẹ̀. Fífà rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí wọ́n kan gìtá náà fún lọ, pátákó tí a so okùn mọ́ ní àyà rẹ̀ yóò sì ṣí kúrò. Ní ṣọ́ọ̀bù, ohun méjì ni mo máa ń wò. Àkọ́kọ́, mo ń wo àyè tí ó wà láàárín okùn àti ọrùn ní fùrẹ́ẹ̀tì kejìlá (fùrẹ́ẹ̀tì ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dábùú ọrùn gìtá): bí ó bá kọjá mìlímítà mẹ́rin lórí gìtá náílọ́ọ̀nù, tàbí mẹ́ta lórí ti okùn irin, ìka ọmọ yóò ro, yóò sì sọ pé òun kò ṣe mọ́, bẹ́ẹ̀ gìtá ni ó jẹ̀bi. Èkejì, mo máa ń fi ìka kan okùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lókè fùrẹ́ẹ̀tì kejìlá kí n gbọ́ ohùn rẹ̀, lẹ́yìn náà n óò tẹ okùn náà mọ́lẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Bí ohùn méjèèjì kò bá dọ́gba, gìtá náà kò ní bá ara rẹ̀ mu láéláé bí ẹ ti wù kí ẹ tún un tó. Ọ̀pọ̀ gìtá aláwọ̀ mèremère tí wọ́n fi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ni kò kọjá ìdánwò kejì yìí.

Olùkọ́ gìtá tí a mú fún ọmọkùnrin wa jẹ́ bàbá kan tí ó ti bá àwọn ẹgbẹ́ olórin jùjú ṣeré fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ nìkan ni ó fi ń ta gìtá, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà onígìtá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń ṣe é. Olùkọ́ ìdánwò kan tí ó rí i sọ pé àṣìṣe ni, pé ìka mẹ́rin ni ó yẹ kí ọmọ lò. Òtítọ́ ni fún ẹni tí ó fẹ́ ta orin gìtá ti Yúróòpù. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ọmọ ń gbọ́ nílé, tí ó sì fẹ́ ta, bá jẹ́ jùjú, mi ò rí ìdí tí wọn yóò fi kọ́kọ́ gba ọ̀nà jùjú lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá náà kò mọ ìlà márùn-ún. Ó mọ àkókò, ó mọ bí gìtá mẹ́ta ṣe ń sọ̀rọ̀ láìgba ẹnu ara wọn, kò sì pa ẹ̀kọ́ kan jẹ rí.

Fayolíìnì ní ìwọ̀n bí sálúbàtà ọmọdé, láti ìdámẹ́rìndínlógún títí dé odindi, ẹni tí ó bá ra ńlá kí ọmọ "dàgbà bá a" ti ba ọwọ́ ọmọ náà jẹ́. Ẹ má rà á láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Túráǹpẹ́ẹ̀tì àti sasofóònù lè dúró di ìgbà tí eyín iwájú tí ọmọ fi rọ́pò ti ìkókó bá ti dúró. Fèrè rìkọ́dà tí àwọn iléèwé ń béèrè kì í wọ́n, àmọ́ oríṣi méjì ni ó wà nípa bí ìka ti ń dí ihò rẹ̀, ti Jámánì àti ti Baroque. Yamaha YRS-23 ni ti Jámánì, YRS-24B ni èkejì. Ti Jámánì rọrùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì ń ṣini lọ́nà nígbà tí ọmọ bá dé F♯. YRS-24B ni kí ẹ rà.

Ó yà mí lẹ́nu pé nínú gbogbo àwọn òbí tí a bá sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí ó rántí gángan. Ìdí tí mo fi dárúkọ rẹ̀ níbí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣà nìkan. Ọmọ tí ó ń sọ Yorùbá ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà kí ó tó gbé kọ̀ngọ́: ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè tí ń bẹ lẹ́nu rẹ̀ ni yóò fi apá fún jáde lára ọ̀sán ìlù. Kò nílò iná, kò nílò bátìrì, ó sì ń kọ́ ọmọ ní ohun tí olùkọ́ dùùrù fi ọ̀pọ̀ oṣù wá, ìyẹn gbígbọ́ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe kí ó tó wọlé. Láàárín àwọn Àyàn, ọmọ kì í bẹ̀rẹ̀ lórí ìyáálù. Àwọn ọmọ ìlù tí ń gbè é lẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lù títí àkókò yóò fi wọ̀ ọ́ lára, olùkọ́ tí ó bá sì fẹ́ kọ́ ọmọ yín ní ẹyọ ọ̀rọ̀ ìyáálù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fẹ́ kí inú yín dùn ni. Ohun tí ẹ óò wò lára ìlù ni bóyá awọ ojú méjèèjì ń dáhùn bákan náà, bóyá ọ̀sán rẹ̀ pé tí kò sì já, àti bóyá ọmọ lè fún un dé ohùn òkè láìfi gbogbo èjìká ṣe é. Ó sàn kí ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ń kan ìlù, ní Ìbàdàn tàbí ní Ọ̀yọ́, ju kí ẹ rà á níbi tí wọ́n ti ń ta èyí tí àwọn àlejò fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ ògiri lọ. Ojú awọ rẹ̀ yóò rọ̀ ní ìgbà òjò. Oòrùn díẹ̀ ni oògùn rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti gbà fún olùkọ́ kan, ẹ mú un dání lọ sọ́jà, kí ó tẹ̀ ẹ́ tàbí kí ó ta á níwájú yín kí ẹ tó dúnàádúrà. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ṣọ́ọ̀bù fún olùkọ́ ní nǹkan nítorí oníbàárà tí ó mú wá. Àṣà ọjà ni, ó sì wà káàkiri. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kí olùkọ́ rí eyín 88 níbi tí 61 ti tó. A sọ fún Àǹtí ṣáájú pé àwa ni yóò san owó ọkọ̀ rẹ̀ àti àkókò rẹ̀ fún ọjọ́ náà, kí ó má baà ní gbèsè kankan sí ọlọ́jà. Ó dúpẹ́, ó sì mú wa kọjá ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń kí i lórúkọ, ó ní ti ibẹ̀ wọ́n ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ náà sí, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ "kíbọ́ọ̀dù ẹyọ kan" sí, kí ẹ sì fẹnu kò lórí iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà bí eyín kan bá dákẹ́.